Ìyá tó ń dá tọ́mọ, tóúnjẹ ò sì tó nílé: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tó wà níbí yìí, àwọn ìyá ló máa ń bi ara wọn, púpọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé òru ni wọ́n máa ń bi ara wọn nígbà táwọn ọmọ bá ti sùn. Mo kó wọn jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí màá ṣe dá àbúrò mi obìnrin lóhùn. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ kà á látòkè délẹ̀, èyí tó bá kàn yín lẹ kọ́kọ́ wò. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ ṣe ń kà á, ẹ má gbàgbé pé ẹnu ìyá náà wà lára àwọn ẹnu tó gbọ́dọ̀ jẹun nínú ilé yẹn o.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wa ti kọjá "owó ò tíì wọlé" lásán?

FAO, ìyẹn àjọ tó ń rí sọ́rọ̀ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, ní ìbéèrè 8 tí wọ́n fi ń wò ó káàkiri ayé, wọ́n á ní kéèyàn ronú padà sí oṣù 12 tó kọjá. Ṣé ẹ ti ń ṣàníyàn pé oúnjẹ ò ní tó torí owó? Ṣé oúnjẹ tó ń ṣara lóore ti kọjá agbára yín? Ṣé irú oúnjẹ kan náà lẹ̀ ń jẹ ṣáá? Ṣé ẹ ti fo oúnjẹ rí torí kò sí? Ṣé ẹ jẹ díẹ̀ sí bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ jẹ? Ṣé oúnjẹ ti tán nílé rí pátápátá? Ṣé ebi pa yín tẹ́ ẹ ò sì rí nǹkan jẹ? Ṣé ẹ ti lo odidi ọjọ́ kan láìjẹun? Ẹ kíyè sí i pé àníyàn ni wọ́n fi ṣáájú. Ohun tó fà á ni pé wàhálà yìí ti máa ń bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ kí ìkòkò tó ṣófo. Tẹ́ ẹ bá ti ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí méjì mẹ́ta nínú ẹ̀, àsìkò ti tó láti sọ̀rọ̀ síta, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá dé ìkẹjọ.

Ṣé èmi nìkan ni nǹkan rí báyìí fún?

Rárá o. Ìròyìn tí FAO àtàwọn àjọ míì jọ gbé jáde lọ́dún 2024 sọ pé ní 2023, nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.33 èèyàn ni ò rí oúnjẹ tó tó jẹ déédéé, ó sì fẹ́ẹ̀ jẹ́ ibi gbogbo láyé lọ̀rọ̀ náà ti kan àwọn obìnrin ju ọkùnrin lọ. Tó bá wá jẹ́ ìyá tó ń dá tọ́mọ, kò ṣòro láti rí ìdí ẹ̀. Owó ẹnì kan ṣoṣo ló ń wọlé, ẹnu tó ń jẹ ẹ́ pọ̀. Ọmọ bá ṣàìsàn, ìyá ò ní lè lọ síbi iṣẹ́, owó ọjọ́ yẹn á wọmi. Tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ sí i, á tún sanwó fún ẹni tó máa bá a mójú tó ọmọ, owó tó lọ wá náà ló tún fi san án. Kì í ṣe pé ìyá ò mọ owó ná o. Àwọn ìyá tí mo mọ̀ tó wà nírú ipò yìí mọ ìṣírò ju akáǹtáǹtì lọ, àmọ́ ẹ ò lè fi ìṣírò sọ owó tí ò tó di èyí tó tó.

Mo máa ń sọ fáwọn ọmọ pé mo ti jẹun níta kí tiwọn lè tó. Ṣé ó burú ni?

Ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ lórí èyí, torí òun gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. A mọ bó ṣe ń lọ. Ìyá á bu oúnjẹ sáwo àwọn ọmọ, á ní òun ti jẹun níbi iṣẹ́, á wá lọ dúró nídìí sítóòfù bí ẹni tó ń palẹ̀ mọ́ kó má baà jókòó tì wọ́n, tí wọ́n bá dìde tán á fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò, á jẹ ẹ́ lórí ìdúró, á mu omi lé e, ó di ilẹ̀ mọ́. Ìfẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé kì í ṣe ìfẹ́.

Ṣùgbọ́n ara ò mọ̀ pé ìfẹ́ lẹ fi febi pa á. Orí á máa fọ́, òòyì á máa kọ́ni, ẹ̀jẹ̀ á máa dín kù lára, oorun ò ní dáa, nǹkan kékeré táwọn ọmọ bá ṣe báyìí á ti bí èèyàn nínú. Nínú ilé tí àgbàlagbà méjì wà, tí ọ̀kan bá dùbúlẹ̀ àìsàn, èkejì á gbé ìkòkò kaná. Nínú ilé tiyín, tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀, ta ló kù? Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé oúnjẹ ìyá wà lára oúnjẹ àwọn ọmọ, torí ẹni tó máa wá oúnjẹ ọ̀la lẹ̀ ń bọ́ yẹn.

Ohun míì tún wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ máa ń mọ̀. Ẹ lè rò pé wọn ò mọ̀, wọ́n mọ̀. Ọmọ ọdún méje mẹ́jọ á ti máa ṣẹ́ oúnjẹ ẹ̀ kù, á ní òun ti yó, kó lè kù fún yín, òun náà á sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ebi pa mọ́.

Nítorí náà, ẹ bu tiyín sáwo lẹ́ẹ̀kan náà tẹ́ ẹ bá ń bu tiwọn. Kó kéré o, ẹ sáà bu ú, kẹ́ ẹ sì jókòó tì wọ́n jẹ ẹ́. Tí oúnjẹ náà ò bá lè yí gbogbo yín ká, kí kálukú jẹ díẹ̀díẹ̀ sàn ju kẹ́nì kan máa fò ó lójoojúmọ́. Ìgbà tí fífò oúnjẹ bá sì ti ń ṣẹlẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ má kà á sí ọgbọ́n tẹ́ ẹ fi ń gbé ilé ró mọ́, ó ti di nǹkan tó yẹ kẹ́ ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, fún tíṣà ọmọ, fún ẹnikẹ́ni tó bá lè darí yín síbi tí ìrànlọ́wọ́ wà.

Owó kékeré ló wà lọ́wọ́ mi. Owó ilé ni kí n kọ́kọ́ san ni àbí oúnjẹ?

Owó ilé ní ẹni tó ń bèèrè ẹ̀, owó iná ní ẹni tó ń bèèrè ẹ̀, ikùn nìkan ni kì í kọ̀wé ìkìlọ̀ síni, ohun tó fà á nìyẹn tó fi jẹ́ pé orí oúnjẹ lèèyàn máa ń kọ́kọ́ gé owó kúrò. Mi ò ní kẹ́ ẹ má sanwó ilé o, kí wọ́n lé ìyá àtọmọ síta lè burú ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé kẹ́ ẹ lọ bá onílé àti ilé iṣẹ́ iná kọ́jọ́ tó pé, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti kọjá, kẹ́ ẹ bẹ̀ wọ́n kẹ́ ẹ lè máa san án díẹ̀díẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn máa ń gbọ́ tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wá. Tẹ́ ẹ bá bá wọn ṣàdéhùn, ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀, kó tiẹ̀ jẹ́ mẹ́sééjì lórí fóònù.

Tí mo bá délé ọjà, kí ni kí n kọ́kọ́ rà?

Kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ kọ́kọ́ ṣí gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ wo ohun tó ṣẹ́kù, kẹ́ ẹ wá ronú oúnjẹ tó lè jáde látinú ẹ̀, ohun tí ò sí níbẹ̀ nìkan lẹ kọ sílẹ̀. Ohun tó ń yóni tí kì í tètè bà jẹ́ ló ṣáájú: ìrẹsì, àgbàdo, ẹ̀wà gbígbẹ, òróró, iyọ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ẹyin, ẹ̀fọ́, àti èso tó bá wà lásìkò ẹ̀, torí èyí tó wà lásìkò lowó ẹ̀ máa ń wálẹ̀ jù. Ẹ̀fọ́ inú fíríìsà tàbí inú agolo ò burú rárá, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ìyẹn yọ yín lẹ́nu. Tẹ́ ẹ bá ń fi iye owó ọjà méjì wéra, ẹ wo ìwọ̀n tó wà nínú ẹ̀, ẹ má wo bí páálí ṣe tóbi tó. Àpò ńlá máa ń dínwó, ṣùgbọ́n ta ló ní owó àpò ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ìyá mẹ́ta mẹ́rin lè dáwó jọ rà á kí wọ́n wọ̀n ọ́n pín, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ má sì lọ sọ́jà lórí ebi.

Ẹran àti ẹja ti kọjá agbára wa. Kí làwọn ọmọ máa fi dàgbà?

Ẹ̀wà. Ẹyin. Ẹ̀pà, tára ọmọ bá gbà á, ṣùgbọ́n ẹ má fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún ní odindi ẹ̀pà, ó lè há a lọ́fun, ẹ lọ̀ ọ́. Prótéènì inú ẹ̀wà àti èyí tó wà nínú ìrẹsì tàbí àgbàdo máa ń ti ara wọn lẹ́yìn, ohun tí ọ̀kan ò ní tó, èkejì ní in, kò sì dandan kí méjèèjì wà nínú àwo kan náà, tí wọ́n bá ti jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kan náà, ó ti tó.

Iron, ìyẹn èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, èyí tó wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ kì í tètè wọ ara bíi ti ẹran. Tẹ́ ẹ bá jẹ ọsàn, tòmátò tàbí ata tútù mọ́ ọn, fítámì C inú wọn á jẹ́ kára gbà á dáadáa. Tíì àti kọfí ni kẹ́ ẹ má mu mọ́ oúnjẹ, wọ́n máa ń dí iron lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bíi kíndìnrín, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi yẹn nù, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kó hó yaya fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 10 kẹ́ ẹ tó dín iná kù, torí májèlé kan wà nínú ẹ̀ tí iná kékeré ò lè pa, inú á sì dàrú tí ò bá jinná. Tẹ́ ẹ bá rí ẹran díẹ̀ rà, gígé e wẹ́wẹ́ sínú gbogbo ọbẹ̀ dáa ju ègé ńlá kan lọ, kí ọmọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún àti aboyún sì rí níbẹ̀.

Ọmọ mi ṣì ń mu ọmú, ebi sì ń pa mí. Ṣé ọmú lè gbẹ?

Kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Ara ìyá á máa yọ nínú tiẹ̀ fún ọmọ, ìdí tẹ́ ẹ fi gbọ́dọ̀ jẹun nìyẹn, torí ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú nílò nǹkan bíi kálórì 500 sí i lóòjọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó ń mú ọmú wá jù ni kọ́mọ máa fà á léraléra. WHO, ìyẹn àjọ ìlera àgbáyé, ní kó jẹ́ ọmú nìkan fún oṣù 6 àkọ́kọ́, láìsí omi, láìsí àgbo, lẹ́yìn ẹ̀ kó máa mu ún lọ pẹ̀lú oúnjẹ míì títí tó fi máa pé ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ẹni tówó ò sí lọ́wọ́ ẹ̀, oúnjẹ tí wọn ò rà lọ́jà nìyẹn, mi ò sì mọ èyí tó dà bíi ẹ̀.

Tó bá jẹ́ mílíìkì ọmọ ọwọ́ tó wà nínú agolo lọmọ ń mu ń kọ́? Ṣé mo lè fi omi lé e kó lè pẹ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Mo mọ̀ pé ó máa ń wá síni lọ́kàn nígbà tí agolo bá ti ń dún gbọlọgbọlọ, ṣùgbọ́n omi tó bá ti pọ̀ jù máa ń dín iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ kù, ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bíi ti gìrì, àní ó lè là á lọ sí ikú. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo ni kẹ́ ẹ pò ó. Ẹ má sì fi wàrà màlúù rọ́pò ẹ̀ fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan. Tó bá ti ku bí ọjọ́ mẹ́ta kó tán, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ sọ ọ́ ní kílíníìkì ọmọ ọwọ́, ẹ má dúró kó tán.

Ọmọ ti pé oṣù mẹ́fà, kí ni kí n máa fún un?

Oúnjẹ tó ki, tí kì í ṣàn dànù lórí ṣíbí. Àwọn ìyá máa ń po ti ọmọ kó ṣàn gan-an kó lè pọ̀, ṣùgbọ́n ikùn ọmọ kéré, omi ló máa gba gbogbo àyè yẹn. Ẹ jẹ́ kó ki, kẹ́ ẹ wá ro òróró díẹ̀, ẹyin tó jinná tàbí ẹ̀wà tẹ́ ẹ gún kúnná mọ́ ọn. Láti oṣù 6 sí 8, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ pẹ̀lú ọmú, láti oṣù 9 lọ sókè, ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ má fún un ní oyin kó tó pé ọdún kan.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé àìjẹunrekánú ti wọ ọmọ mi lára?

Ọmọ á máa rù, aṣọ tó ń bá a mu tẹ́lẹ̀ á máa bọ́ lára ẹ̀, kò ní fẹ́ ṣeré, irun á máa já tàbí kó pupa rẹ́súrẹ́sú, àìsàn kékeré á máa pẹ́ lára ẹ̀. Ní kílíníìkì, wọ́n ní téèpù kan tí wọ́n fi ń wọn apá ọmọ tó wà láàárín oṣù 6 sí oṣù 59. Tó bá ti wà lábẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12.5, ọmọ nílò ìtọ́jú, tó bá wá lọ sílẹ̀ ju 11.5 lọ, ọ̀rọ̀ ti le gan-an nìyẹn. Èyí tẹ́ ẹ lè wò fúnra yín nílé ni ẹsẹ̀ ọmọ. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orí ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kẹ́ ẹ yọ ọwọ́. Tí ihò bá kù níbẹ̀ tí ò tètè kún padà, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ọjọ́ yẹn náà.

Ẹ má sì ní ẹ̀yin á fi oúnjẹ ńlá dí i fún un nílé. Ara tí ebi ti hàn léèmọ̀ kì í lè gba oúnjẹ púpọ̀ lójijì, ó lè kó bá ọkàn ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́sibítù.

Gáàsì náà ti di nǹkan. Kí la lè ṣe sí i?

Ẹ máa rẹ ẹ̀wà mọ́jú, ẹ máa dé ìkòkò, ẹ se oúnjẹ ọjọ́ méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá ní fíríìjì. Tí ò bá sí fíríìjì, èyí tẹ́ ẹ máa jẹ tán ni kẹ́ ẹ sè. Ìrẹsì tẹ́ ẹ ti sè, kó má jókòó síta ju wákàtí méjì lọ, kòkòrò kan wà tí iná kì í pa tán nínú ẹ̀, tó bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́ síta fún ìgbà pípẹ́ á máa pọ̀, ẹ̀ẹ̀kejì tẹ́ ẹ bá sì gbé e kaná ò ní mú oró tó ti tu síbẹ̀ kúrò.

Wọ́n fún mi lóúnjẹ, ọjọ́ tó wà lára ẹ̀ ti kọjá. Ṣé kí n dà á nù?

Ó dọwọ́ ohun tí wọ́n kọ. Tó bá jẹ́ "best before", adùn oúnjẹ ni wọ́n ń sọ, ìrẹsì, pásítà tàbí ohun inú agolo ṣì ṣeé jẹ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn tí ara ẹ̀ bá ṣì dáa. Tó bá jẹ́ "use by", ẹ má jẹ ẹ́ tó bá ti kọjá, kì báà máa rùn, kì báà má rùn. Agolo tó bá wú, ẹ dà á nù láìwo ọjọ́ kankan.

Ojú ń tì mí láti lọ gba oúnjẹ ọ̀fẹ́. Ṣé wọn ò ní fojú burúkú wò mí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín. Báǹkì oúnjẹ tí wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀, ìlú Phoenix ní Amẹ́ríkà ni, lọ́dún 1967, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John van Hengel ló dá a sílẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé ìyá kan ló fún un ní àbá yẹn, ìyá tó ń ṣa oúnjẹ tí ilé ìtajà ń dà nù kó lè rí nǹkan fáwọn ọmọ ẹ̀, òun ló ní ì bá dáa kí ibì kan wà téèyàn á ti lè máa kó irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ pa mọ́ bíi báǹkì, kẹ́ni tó bá nílò ẹ̀ wá gbà á. Tẹ́ ẹ bá wá dúró lórí ìlà yẹn, ìyá tó bọ́mọ dé ibi tí agbára ẹ̀ mọ ló la ọ̀nà tẹ́ ẹ̀ ń rìn.

Ojú á tì yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ o, mi ò ní parọ́. Ẹ mú ẹnì kan dání tó bá ṣeé ṣe. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, kẹ́ ẹ mú ohun tó fi iye ọmọ hàn, kẹ́ ẹ mú àpò tó lágbára, kẹ́ ẹ sì pè kẹ́ ẹ tó lọ torí ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí máa ń yàtọ̀. Ẹ sọ fún wọn tẹ́ ò bá ní sítóòfù, tí ọmọ bá ní ohun tí ara ẹ̀ ò gbà, tẹ́ ẹ bá nílò páḿpásì. Wọn ò lè mọ̀ tẹ́ ò bá sọ. Ilé ìjọsìn náà máa ń ṣe é, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì dìgbà tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọmọ ìjọ kẹ́ ẹ tó béèrè. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ẹni tó ń pín oúnjẹ ní kí n wá rí òun lálẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má lọ. Oúnjẹ ìrànlọ́wọ́, ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ fi ara, owó tàbí iṣẹ́ ilé san án, ìwà ìbàjẹ́ ló ń hù, òfin àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé fáwọn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ sì kà á léèwọ̀ pátápátá. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀, ọjọ́ àti ohun tó sọ sílẹ̀, ẹ pa mẹ́sééjì mọ́, ẹ sọ fún obìnrin míì tẹ́ ẹ fọkàn tán, kẹ́ ẹ jọ lọ fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ ọ̀gá àjọ náà tàbí lọ́dọ̀ àjọ míì tó ń dáàbò bo obìnrin. Tẹ́ ẹ bá sì ti bá a lọ kẹ́ ẹ tó ka èyí, ẹ̀bi ò sí lọ́rùn yín. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́, òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tó fi dẹ páńpẹ́ náà nìyẹn. Ẹ ṣì lè sọ̀rọ̀, ẹ sì ṣì lè rí ìtọ́jú gbà lọ́sibítù, tó bá ṣeé ṣe kó má ju ọjọ́ mẹ́ta lọ.

Bàbá àwọn ọmọ ò fún wa ní kọ́bọ̀. Ṣé mo lè béèrè?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀tọ́ ọmọ ni, kì í ṣe ojúure tẹ́ ẹ̀ ń tọrọ fún ara yín. Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọ tí wọ́n ṣe lọ́dún 1989 sọ ọ́ ní abala 27 pé kí ìjọba ran ọmọ lọ́wọ́ láti gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ òbí tó yẹ kó san án, bí òbí náà tiẹ̀ wà lórílẹ̀-èdè míì. Ìkéde ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 1948 náà, ní abala 25, sọ pé ọmọ tí wọ́n bí sínú ìgbéyàwó àti èyí tí wọn ò bí sínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ààbò kan náà. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń gbani nímọ̀ràn òfin lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ tí bàbá náà bá jẹ́ ẹni tó máa ń luni, ẹ má lọ bá a fúnra yín, ẹ jẹ́ kí ilé ẹjọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe é.

Kí ni kí n sọ fáwọn ọmọ?

Òótọ́, níwọ̀n tó bá ọjọ́ orí wọn mu. "Owó ò pọ̀ lọ́wọ́ mọ́mì lọ́sẹ̀ yìí, àmọ́ a máa jẹun, mo sì ń wá bó ṣe máa dáa." Ìyẹn ti tó fọ́mọdé. Kì í ṣe àwọn ló fà á, ẹ sọ ìyẹn síta fún wọn, torí ọmọ máa ń rò pé òun lòun jẹun jù. Ẹ má fi gbèsè ilé ṣe ọ̀rọ̀ sísọ níwájú wọn, kẹ́ ẹ má sì ní kí wọ́n parọ́ fún tíṣà.

Ṣé kí n sọ fún wọn nílé ìwé?

Ẹ sọ fún wọn. WFP, ìyẹn àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń pín oúnjẹ, kà á ní 2022 pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 418 ọmọ ló ń jẹun nílé ìwé káàkiri ayé, torí náà ó ṣeé ṣe kí ètò kan wà tó jẹ́ pé fọ́ọ̀mù lásán ni ò jẹ́ kọ́mọ yín wà nínú ẹ̀. Ìsinmi ló máa ń le jù, nígbà tí oúnjẹ ọ̀sán ilé ìwé bá dáwọ́ dúró lójijì, ẹ béèrè ní bí oṣù kan ṣáájú bóyá wọ́n ní nǹkan kan fún ọlidé.

Ṣé kí n yá owó láti fi jẹun?

Tó bá jẹ́ lọ́wọ́ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tí ò gba èlé, tẹ́ ẹ sì mọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa dá a padà, ó yé mi. Áàpù tó ń yáni lówó ní ìṣẹ́jú márùn-ún, tó ń gba èlé gọbọi, tó tún ń pe gbogbo èèyàn inú fóònù yín tẹ́ ẹ bá pẹ́, ẹ sá fún un. Ẹ jẹ oúnjẹ yẹn lónìí tán, oṣù tó ń bọ̀ ẹ ò ní ní owó oúnjẹ, ẹ ò sì ní ní owó tẹ́ ẹ fẹ́ san.

Mo ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ, mo ń sunkún lóru, kò wù mí láti dìde mọ́.

Ebi àti àníyàn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ síni, kò sọ yín di ìyá burúkú. Ẹ jẹ nǹkan, ẹ mu omi, kẹ́ ẹ tó dájọ́ fún ara yín lọ́jọ́ náà. Tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí inú yín ò dùn sí nǹkan kan, ẹ sọ fún dókítà, àìsàn tí wọ́n ń tọ́jú ni. Tó bá wá dé orí pé ẹ̀mí yín fẹ́ sú yín, tàbí ọwọ́ yín fẹ́ nà sí ọmọ, ẹ gbé ọmọ síbi tí nǹkan kan ò ti lè ṣe é, ẹ pe ẹnì kan nísinsìnyí, ẹbí ni o, aládùúgbò ni o, nọ́ńbà pàjáwìrì ìlú yín ni o. Kẹ́ ẹ má dá wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìyá kan wà ládùúgbò mi tí mo fẹ́ ràn lọ́wọ́. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí ojú ò ní tì í?

Ẹ má béèrè pé "ṣé kò sí nǹkan tẹ́ ẹ nílò?", á ní kò sí. Ẹ sọ pé "mo se oúnjẹ, ó pọ̀ jù, mò ń gbé díẹ̀ bọ̀," tàbí kẹ́ ẹ ní kó fọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín ní wákàtí méjì kó lè lọ síbi iṣẹ́ tàbí kó lọ dúró lórí ìlà oúnjẹ. Tẹ́ ẹ bá lè fún un lówó, owó dáa ju oúnjẹ lọ, òun ló mọ ohun tó tán nílé ẹ̀. Ẹ má yà á ní fọ́tò, ẹ má gbé e sórí fóònù, ẹ má sọ ọ́ níwájú àwọn ọmọ ẹ̀. Tó bá jẹ́ oúnjẹ lẹ fẹ́ gbé lọ, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí ara ọmọ ò gbà, kẹ́ ẹ sì gbé e sínú abọ́ tẹ́ ò ní gbà padà.